Páìpù Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Nà

Ọpẹ́ ni n ó kọ́kọ́ dú kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó dá iná, tó dá omi, tó dá irin, tó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwà tirẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ara mi dá, pé ojú mi ríran, pé awọ ara mi kò bó. Mo dúpẹ́ fún àwọn tó ràn mí lọ́wọ́ ní ìlú àjèjì, mo sì dúpẹ́ fún àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú, torí pé ẹni tí wọ́n bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í tòògbé lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bá mi ṣe àmín, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó wà ní ilẹ̀ tí àwọn ará Èkó ń pè ní Kútọnu, bí ẹni pé gbogbo orílẹ̀-èdè wa kò ju ìlú kan lọ. Ilé kéwú ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìwé. Lẹ́yìn náà mo kọ́ṣẹ́ páìpù ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fún epo òwú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ìyá mi ní kí n lọ bá àbúrò òun ní Ajégúnlẹ̀, pé ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ páìpù ní Kirikiri. Bí mo ṣe di ará ìdálẹ̀ nìyẹn, láàárín àwọn tó ń sọ èdè bàbá mi.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Ajégúnlẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń de gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wà nínú àgò irin, àgò irin náà wà nínú ṣéènì, ṣéènì náà sì wọnú ògiri lọ. Wọ́n da sìmẹ́ńtì lé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi. Níwájú ilé tí mo dé sí, àga onírin kan wà tí wọ́n jó mọ́ irin ẹnu ọ̀nà. Bí oòrùn bá dé ibẹ̀, a kò lè sún un sí ibòòji. Bí òjò bá ń rọ̀, a ó máa wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe ń wẹ̀.

“Àǹtí, kí ló dé tí ẹ jó àga mọ́lẹ̀?” Mo bi àbúrò ìyá mi, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kúdí.

“Tí a kò bá jó o, wọn á gbé e.”

“Ta ló máa jí àga?”

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó béèrè ibi tí oòrùn ń sùn sí. “Ẹni tó jí ti tẹ́lẹ̀.”

Ọkọ rẹ̀, Ọ̀gá Mùsíbáù, ni ẹni tó gbà mí sílé. Ọkùnrin sánńgílítí ni, ohùn rẹ̀ a máa ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ó ṣe mí lóore, n kò ní purọ́. Ó fún mi ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó fún mi ní iṣẹ́, ó sì fún mi ní orúkọ tuntun láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

“Àgànyìn, ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, sà. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mí.”

“Yorùbá wo? Yorùbá Àgànyìn.” Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń jó.

Ó di orúkọ mi nìyẹn, nílé àti níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pe páìpù ní tuyó, bí a ṣe ń pè é nílé wa, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Àwọn tí kò lè dárúkọ Ọjọ́bọ̀ láìpè é ní Tọ́sìdè, àwọn ni ó ń yẹ èdè mi wò bóyá ó pé. Mo máa ń wò wọ́n, mo máa ń sọ nínú ọkàn mi pé: àwọn bàbá ńlá wa ti ń kí ara wọn ní èdè yìí nígbà tí ẹja nìkan ló ń gbé ibi tí ẹ kọ́lé sí.

Ọgbà kan tí táńkì ńláńlá tò sí ni ibi iṣẹ́ wa, kò jìnnà sí etí omi. Bájì, ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù, ló ń gbé epo dé èbúté Kirikiri Lighter Terminal, epo tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà, tó máa ń dì bí òrí bí wọn kò bá mú un gbóná. Nítorí náà bọ́ìlà kan wà ní ìkángun ọgbà. Omi á hó nínú rẹ̀, stíìmù, ìyẹn ooru omi náà, á gba inú páìpù gígùn kan lọ sí ara táńkì, epo á yọ́, àwọn tírélà tó ń dúró ní ibùdókọ̀ Coconut á wá gbé e. Páìpù stíìmù àtijọ́ ti dípẹtà, tuntun ni a ń ṣe nígbà tí mo dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé páìpù náà, torí pé ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Irin a máa gùn sí i bó bá gbóná, a sì máa súnkì bó bá tutù. Lára páìpù kúkúrú, ojú kì í rí i. Ṣùgbọ́n páìpù tó gùn láti ẹnu bọ́ìlà dé òpin ọgbà, bí stíìmù bá wọ inú rẹ̀, ó lè fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ gùn ju bó ti wà láàárọ̀ lọ. Nítorí èyí, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti òpin rẹ̀ nìkan ni a ń dè pa. Láàárín, a ó wọ bàtà irin fún un nísàlẹ̀, bàtà náà á kàn jókòó sórí irin ìdábùú tó gbé e, kó lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. A ó fi irin kéékèèké méjì há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà jábọ́. A ó sì tẹ páìpù náà ní agbedeméjì bí orúnkún, kí orúnkún yẹn lè ká sí i nígbà tí gígùn bá dé. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí páànù orí ilé ṣe ń ta pá-pá lọ́sàn-án ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí.

Ẹnjiníà Bùkọ́lá ló ya àwòrán iṣẹ́ náà. Obìnrin ni, oyún rẹ̀ ti tóbi nígbà náà, síbẹ̀ ó máa ń dúró tì wá nínú oòrùn títí a ó fi ṣe é bó ṣe yà á. Ó ṣe àlàyé fún gbogbo wa, ó bi wá bóyá ó yé wa. Gbogbo wa la ní ó yé wa. Ọ̀gá Mùsíbáù tiẹ̀ ní ó yé òun jù.

Lẹ́yìn náà Ẹnjiníà lọ bímọ. Kò pẹ́ tí a dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tí a bá a pé olè ti tú àwọn irin kéékèèké tó há bàtà páìpù náà. Wọ́n ti lọ tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́mù. Bàtà páìpù méjì kan pàápàá ti pòórá.

Ọ̀gá Mùsíbáù dúró sí abẹ́ páìpù náà, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

“Ẹ jó gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀.”

“Ọ̀gá,” mo ní, “Ẹnjiníà ní ká má jó bàtà rẹ̀ mọ́ nǹkan kan.”

“Ẹnjiníà ń rọbí lọ́wọ́. Ṣé kí n lọ bi í níbi tó ti ń pariwo?”

“Ọ̀gá, tó bá gbóná, kò ní ríbi nà sí.”

“Kò gbọdọ̀ ríbi nà. Tí páìpù bá ríbi nà, olè ríbi fà.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọ̀gá sọ̀rọ̀ àgbà. Sọ́ńdè, wẹ́dà wa, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, ti ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

“Àgànyìn, àbèg, ṣé ejò ni páìpù tí á máa wọ́? Níbi tiyín ló ti ń rìn. Tibí kì í rìn.”

“Irin tibí àti irin tibòmíràn, Ọlọ́run kan náà ló dá wọn.”

“Ah! Pásítọ̀ Àgànyìn!”

Ọ̀gá Mùsíbáù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò pariwo. Ìgbà tí kò bá pariwo ni kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀. “Inú ilé mi lò ń sùn. Ọbẹ̀ ìyàwó mi lò ń lá. Tí mo bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ páìpù yìí lẹ́nu ẹ, kí ìwọ àti báàgì ẹ máa lọ.”

Mo ní èmi kò lè jó o. Ó gba irinṣẹ́ ìjórin lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní ìgbálẹ̀. Mo gbá ilẹ̀, iná ìjórin Sọ́ńdè sì ń ta sí orí ilẹ̀ tí mo gbá.

Wọ́n jó o, wọ́n jó o, wọ́n jó o. Wọ́n jó bàtà páìpù mọ́ irin ìdábùú, wọ́n jó irin ìdábùú mọ́ òpó, wọ́n tún wá irin gbọọrọ sí orúnkún páìpù náà, wọ́n fi dè é lápá òtún àti lápá òsì, torí pé ó ń mì díẹ̀ tí wọ́n bá gbá a. Ìgbéraga iṣẹ́ wọn ni pé kò mì mọ́. Bí àlejò bá wọ ọgbà, Ọ̀gá á fi igi gbá páìpù náà: “Ẹ wò ó! Ṣé ó mira?” Wọ́n ń yin ara wọn fún ohun tó yẹ kí wọ́n máa fi sunkún.

Nísàlẹ̀ páìpù náà gan-an ni ibòòji kan ṣoṣo tó wà nínú ọgbà. Páìpù pọ̀ lókè níbẹ̀, ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rìn wà lórí wọn, oòrùn kì í lè gba ibẹ̀ kọjá. Tí Àílà, ìrun ọ̀sán, bá tó, àwa mùsùlùmí á tẹ́ ẹní wa síbẹ̀, a ó kírun. Àwọn kìrìsìtẹ́nì á jókòó sí ìhà kejì, wọ́n á máa jẹun. Lókè orí wa gan-an ni ibi tí páìpù stíìmù méjì ti pàdé, tí wọ́n fi bọ́ọ̀tù so ẹnu wọn pọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá foríkanlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn mi á máa rí i.

Ìyá mi pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú.

“Ṣé ò ń jẹun?”

“Mò ń jẹun, Màmá.”

“Ṣé ò ń kírun ní àkókò?”

“Mò ń kírun.”

“Kí ló wá dé tí ohùn rẹ rí bí ti ẹni tó gbé egungun mì?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ páìpù náà fún un. Kò rí páìpù stíìmù rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ kó tó yé e. “Bí ilẹ̀kùn yàrá bàbá yín ṣe máa ń wú nígbà òjò, àbí? Bàbá yín fá etí rẹ̀ ni, ó tán.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Àwọn tibí á fi ìṣó kàn án.”

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ilé ọkùnrin yẹn lò ń gbé. Má ṣe jẹ́ kó lé ọ o. O kò mọ ẹlòmíràn níbẹ̀.” Ó wá bi mí pé, “Àwọn wo ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀?”

“Àwa tó ń kírun, Màmá. Àti àwọn tó ń jẹun.”

“Ọlọ́run á fi ọ̀nà hàn ọ́,” ló sọ, kò sì sọ ọ̀nà wo. Ìyá mi mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀.

Mo máa ń ronú nígbà náà pé kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ ilé. Ní Kétu, bí mo bá rí i tí aládùúgbò mi ń ṣe ohun tó lè pa á, mo lè pariwo lé e lórí, ó lè bú mi padà, alẹ́ á lẹ́, olúkálukú á sùn sí ilé bàbá rẹ̀. Ní ìdálẹ̀, ẹ̀rù ibi tí o máa sùn sí ni wọ́n fi ń di ẹnu ẹ. Kì í ṣe pé o kò mọ òótọ́, ẹní tí o máa fi orí lé ló wà lọ́wọ́ ẹni tí o fẹ́ sọ ọ́ fún.

Wọ́n fi stíìmù díẹ̀ dán páìpù náà wò. Ó ké. Kì í ṣe ariwo ńlá, ó ké bí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ń ti láti ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ òpó kan sán. Ọ̀gá Mùsíbáù wò ó, ó ní kí Sọ́ńdè fi irin kún un. Ó tún ké, wọ́n tún fi irin kún un. Lọ́jọ́ kejì, Sọ́ńdè gbé òróró ìyàsímímọ́ wá, ó fi ya àgbélébùú sára òpó náà, ó ní ọwọ́ àwọn ọ̀tá ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tiwa náà kò gbẹ́yìn: ẹnì kan fọ hántú, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ kéwú kúrò lára wàláà, ó dà á sí ẹsẹ̀ òpó tó sán. Mo dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mi, mò ń wo ẹ̀sìn méjì tó parapọ̀ láti bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́ yí àṣẹ Rẹ̀ padà nítorí Ọ̀gá Mùsíbáù.

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ju ìgbálẹ̀ lọ. Ọlọ́run ní kí irin gùn nígbà tó bá gbóná. Irin gbọ́, ó ń ṣe é láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a, kò fi ọjọ́ kan jáfara. Ìjọsìn tirẹ̀ nìyẹn. Àwa tí a ń wẹ̀, tí a ń ṣe àlùwàlá, tí a ń wọ funfun lọ sí ìsìn, àwa ni a jó irin mọ́lẹ̀ kó má baà lè gbọ́ràn sí Ẹlẹ́dàá rẹ̀ lẹ́nu, tí a wá ń gbàdúrà lé e lórí. Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ ni mò ń sọ ọ́ lábẹ́nú. Ẹnu mi kò gbà á jáde. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná wà lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ tí bájì ńlá dé, wọ́n ní kí bọ́ìlà ṣiṣẹ́ tokunratokunra. Láti òwúrọ̀ ni páìpù náà ti ń ké. Nígbà tí Àílà tó, mo wòkè, mo rí i pé omi gbígbóná ti ń kán láti ibi tí bọ́ọ̀tù so ẹnu páìpù méjì pọ̀, ní òkè ẹní wa gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀tù náà ti tẹ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá Mùsíbáù níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí a kírun níbẹ̀ lónìí.”

“Ọ̀rọ̀ páìpù ni?”

“Ọ̀rọ̀ páìpù ni, sà.”

“Tí a bá kírun tán, lọ kó ẹrù ẹ.” Ó ń fọ etí rẹ̀ lọ, wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Ó ti parí nìyẹn. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu bí ara mi ṣe fúyẹ́.

Àlùfáà Súfíyánù ló máa ń ṣe lèmọ́ọ̀mù wa, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ alábàárù ní èbúté rí, tó ń ṣọ́ géètì báyìí. Ikọ́ ti gba ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí a tò tán lórí ẹní, ó yíjú sẹ́yìn, ó nàka sí mi.

“Ọmọ Kétu, bọ́ síwájú. Ìwọ lo gbọ́ kéwú jù níbí.”

Ìkùnsínú gba ìlà náà. Ẹnì kan ní, “Àgànyìn ló máa ṣe lèmọ́ọ̀mù?” Àlùfáà ní, “Kéwú rẹ̀ kò ní pásípọ́ọ̀tù. Bọ́ síwájú.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun mọ̀ pé ibi tí lèmọ́ọ̀mù bá dúró sí ni àwọn yòókù ń tò sí. Òfin ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Mo bọ́ síwájú lóòótọ́. Mo kọjá etí ẹní, mo kọjá ibòòji, mo rìn lọ sí àárín oòrùn gangan, lórí kọnkéré tó ń jó ẹsẹ̀, mo kọjú sí kíbílà.

“Níbo ló ń lọ?”

“Ẹ tò sẹ́yìn mi,” mo ní. “Ẹ mú ìlà yín gún.”

“Ó ti ya wèrè!”

“Àgànyìn fẹ́ yan wá bí àgbàdo!”

Àlùfáà Súfíyánù ló kọ́kọ́ bọ́ sí oòrùn, ó ń wúkọ́. Tí Àlùfáà bá ti bọ́ síbẹ̀, ta ni yóò dá kírun ní ibòòji bí ẹni tí kò ní ìjọ? Wọ́n tẹ̀ lé e, wọ́n ń kùn, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè-sódò lórí kọnkéré gbígbóná. Ọ̀gá Mùsíbáù ló tò gbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ le bí òkúta, ṣùgbọ́n ó tò. Sọ́ńdè àti àwọn tó ń jẹun rí wa, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀. Ìran tó dùn tó báyìí, èèyàn kò lè torí oúnjẹ pàdánù rẹ̀. Wọ́n fi abọ́ sílẹ̀, wọ́n jáde wá sí etí oòrùn, wọ́n ń nàka, wọ́n ń ya fọ́tò.

“Ẹ wo àwọn sùyà Ọlọ́run! Àgànyìn, yí wọn padà, apá kan ti jinná!”

Mo kábàrà, ìrun bẹ̀rẹ̀. Rákà kan, a parí rẹ̀. Nínú ìforíkanlẹ̀ rákà kejì, iwájú orí mi ń jó lórí kọnkéré, ohun kan bú lẹ́yìn wa bí ẹni pé wọ́n ya ọ̀run láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ariwo súù kan tí kò dáwọ́ dúró. Èéfín funfun bo gbogbo abẹ́ páìpù, títí a kò fi rí òpó, a kò rí ẹní, a kò rí nǹkan kan.

Ẹni tó kọ́kọ́ sá nínú ìrun ni Ọ̀gá Mùsíbáù. Ọkùnrin tí páìpù rẹ̀ kì í mira, òun fúnra rẹ̀ mira títí dé géètì. Àwọn kan tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ikọ́ Àlùfáà lẹ́yìn mi, nínú ìforíkanlẹ̀ síbẹ̀, mo wá dìde, mo sì bá a parí ìrun náà, èmi àti òun àti àwọn mélòó kan tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn sá.

Ẹni tó ń ṣọ́ bọ́ìlà pa stíìmù. Nígbà tí èéfín kúrò, a rí i pé ẹnu páìpù náà ti ya sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, ọ̀kan ti dorí kọ ilẹ̀, ó kọjú sí ibi tí a ti tẹ́ ẹní. Àwọn ẹní ọ̀rá wa ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Abọ́ rọ́bà Sọ́ńdè ti rọ̀ bí ewé tí wọ́n yan níná. Kò sí ẹnì kankan tó farapa. Ẹnì kankan kò farapa! Mo jókòó sílẹ̀, mo dúpẹ́ títí omi fi gba ojú mi.

Sọ́ńdè dúró, ó ń wo abọ́ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, “Áńgẹ́lì mi ló ní kí n jáde.”

Ẹ̀sín ló mú un jáde. Ó wá fi mí ṣẹ̀sín, Ọlọ́run sì fi ẹ̀sín rẹ̀ gbà á là. Kí ló tún kù tí èèyàn fẹ́ sọ sí i?

Ẹ ó rò pé Ọ̀gá Mùsíbáù dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ẹ kò mọ àwọn èèyàn wa. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

“Ẹnu ẹ ló fọ́ páìpù mi. Láti ọjọ́ tó o ti dé lo ti ń pè é ní fífọ́.”

“Dádì Kúdí, ẹ jọ̀ọ́,” Ìyá Kúdí kúnlẹ̀ sílẹ̀. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ máa lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Mo kí i fún oore tó ṣe mí, torí pé oore ni, mo sì gbé báàgì mi. Àlùfáà Súfíyánù ló gbà mí sí igun yàrá rẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn sún ẹní tirẹ̀ sí apá kan.

Nígbà tí Ẹnjiníà Bùkọ́lá gbọ́, kò dúró kí ìsinmi rẹ̀ parí. Ó dé ti òun ti ọmọ lẹ́yìn, ó fi aṣọ pọ̀n ọ́n gbọn-in, ó wòkè, ó rí gbogbo ohun tí wọ́n jó.

“Ta ló jó èyí?”

Gbogbo ẹnu tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú oòrùn wá pa dé. Ọ̀gá Mùsíbáù ló dáhùn. “Nítorí olè ni, mà. Wọ́n ń jí i.”

“Olè kò fọ́ páìpù, ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ. Ẹ̀rù olè ń bà yín? Ẹ jó irin kéékèèké tó há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ irin ìdábùú, olè kò ní rí i tú. Bàtà páìpù ni kí ẹ fi sílẹ̀ kó máa rìn láàárín wọn. Ṣé ìyẹn náà le?”

Mo gbọ́ ọ, mo gbà pé èmi náà kò ronú débẹ̀. Mo mọ ohun tí kò yẹ kí wọ́n jó, n kò mọ̀ pé èyí tó yẹ kí wọ́n jó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan pere kọ́ ni Ọlọ́run ń fún ní gbogbo ọgbọ́n, a dúpẹ́.

A fi gráíńdà gé gbogbo rẹ̀ kúrò, èmi àti Sọ́ńdè àti Ọ̀gá Mùsíbáù fúnra rẹ̀, a sì so ẹnu páìpù náà padà. Ṣíṣe rẹ̀ kò gbà wọ́n ní àkókò tó èyí tí wọ́n fi jó o. Nígbà tí stíìmù tún máa wọlé, Ẹnjiníà fi ẹfun fa ìlà kan láti ara bàtà páìpù dé ara irin ìdábùú. Gbogbo wa dúró. Páìpù náà kò ké. Ìlà ẹfun náà pín sí méjì níṣojú wa, èyí tó wà lára bàtà rọra ń lọ, èyí tó wà lára irin ìdábùú dúró síbi tó wà, títí àyè àárín wọn fi gba ìka ọwọ́. Ọmọ ẹ̀yìn Ẹnjiníà ń sùn.

Ọ̀gá Mùsíbáù wò ó pẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka wọn àyè náà, bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

“Ó ń nà lóòótọ́,” ló sọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, ó wá dúró tì mí. “Ọmọ Kétu.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. “Padà sílé. Àǹtí ẹ ò jẹ́ kí n gbádùn.”

“Ẹ ṣeun, sà. N ó máa wá kí wọn. Ṣùgbọ́n n kò ní padà wá gbé.”

“Ìgbéraga ni.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà.”

Kò pẹ́ sí i tí mo gba yàrá tèmi ní Ajégúnlẹ̀. Yàrá kan ni, òrùlé rẹ̀ ń ta pá-pá lọ́sàn-án, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ tí mo kó wọ ibẹ̀, mo pe ìyá mi, ẹni tó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

“Ta ni ẹ jọ ń gbé?”

“Èmi nìkan ni, Màmá.”

“Ta ló ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́?”

“Èmi ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, bí o bá rí òótọ́, tètè sọ ọ́. Má tún dúró de ikọ́ Àlùfáà.”

Ìwọ tí o ka ọ̀rọ̀ mi yìí dé òpin, Ọlọ́run á ka ìwọ náà mọ́ àwọn tí Ó ń ṣọ́. Bí o bá wà nílé, kó jẹ́ kí àlejò tó wà lọ́dọ̀ rẹ lè sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ wo ojú rẹ. Bí o bá wà ní ìdálẹ̀, kó má jẹ́ kí òrùlé tí o sùn sí abẹ́ rẹ̀ di ohun tí wọ́n fi ń dí ọ lẹ́nu. Kó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ tìrẹ, lọ́wọ́ ara rẹ. Àmín.